Àyè Tí Mo Ní Mo Ti Gbà ní Àfonífojì Harker

Mọ́ńdè, 19 oṣù Karùn-ún

Bíṣọ́ọ̀bù ní kí ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá gbé iṣẹ́ lé lọ́wọ́ nínú ìjọ máa kọ bó ṣe ń lọ sílẹ̀, kí ẹni tó máa gbà á lẹ́yìn rẹ̀ lè rí nǹkan kọ́. Láti oṣù Kìn-ín-ní ni mo ti ra ìwé yìí. Òní ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí i, nítorí ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kí n kọ sínú rẹ̀ kò ṣeé kọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kíá. Ibùdó ńlá etí odò ní Àfonífojì Harker, tí àwọn ọmọbìnrin ìjọ wa máa ń lọ pàgọ́ sí lọ́dọọdún, n kò rí i gbà. Oṣù mẹ́fà géérégé ṣáájú ọjọ́ tí èèyàn fẹ́ lọ ni àwọn aṣọ́gbó ìjọba máa ń ṣí i sílẹ̀, ní aago mẹ́jọ òwúrọ̀, ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ló ni ín. Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù Kìn-ín-ní ni tiwa. Ní aago mẹ́jọ ọjọ́ yẹn, mo wà ní ilé ìdáná ìjọ, mò ń bó pòtétò ìsìnkú Arákùnrin Pruitt. Ìgbà tí mo fi rántí, aago mẹ́sàn-án ti fi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kọjá. Kò sí àyè mọ́.

Nírọ̀lẹ́, Bíṣọ́ọ̀bù bi mí níwájú gbogbo èèyàn pé, “Arábìnrin Arlys, ṣé ọwọ́ yín ti tẹ ibùdó?” Mo ní, “Ó ti tẹ̀ ẹ́.” Ẹnu mi ló sọ ọ́ kí èmi fúnra mi tó gbọ́.

Mo mọ ìdí rẹ̀. Màmá Thelda Nuttall jókòó níbẹ̀. Ọgbọ̀n ọdún ni Màmá Thelda fi ṣe olórí ìpàgọ́ yìí, ibùdó náà kò sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Nítorí ojú rẹ̀ tó ń ṣókùnkùn ni wọ́n ṣe gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀ ní oṣù Kẹwàá tó kọjá, tí wọ́n gbé e fún mi, èmi tí n kò so okùn àgọ́ kan kó dúró rí. A kì í sì í kọ iṣẹ́ nínú ìjọ wa. Bí wọ́n bá pè ọ́, wàá dáhùn. Bíṣọ́ọ̀bù ti gbà kí Màmá bá wa lọ lọ́dún yìí, lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin ni.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ló kù. Láràárọ̀ ni mo ń yẹ orí fóònù wò bóyá ẹni tó gbà á ti fi í sílẹ̀.

Tòní: kò sí.


Tọ́sìdeè, 22

Yìnyín tún bọ́ sórí òkè. Nísàlẹ̀ níbí, òjò. Kò sí.


Sọ́ńdè, 25

Lẹ́yìn ìsìn, a jókòó ṣètò. Coralee, igbákejì mi, ti kọ orúkọ ọmọ mẹ́rìnlá. Brynn, ọmọ ọdún mẹ́tàlá, nawọ́ sókè.

“Àǹtí Arlys, ṣé béárì wà níbẹ̀?”

“Ó wà,” Coralee ló dá a lóhùn. “Ṣùgbọ́n kì í jẹ ọmọ tí kì í wẹ̀. Ìwọ ti bọ́.”

Gbogbo ilé gba ẹ̀rín. Màmá Thelda nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé orí ọ̀pá rẹ̀.

“Arlys, ibùdó wo gan-an lo gbà?”

“Ti etí odò, Mà. Èyí tí ẹ máa ń gbà.”

“Ó mà dára o. Ṣé ó rọrùn?”

“Ó rọrùn, Mà.”

“Ìwọ lorí bá ṣe é. Tèmi, aago márùn-ún ni mo ti máa ń jí, màá jókòó ti fóònù bí ẹni tó ń ṣọ́ adìẹ tó fẹ́ yé.”

Wọ́n tún rẹ́rìn-ín, èmi náà bá wọn rín in. Ó kọjú sí mi, àmọ́ n kò mọ bí ohun tó ń rí ṣe pọ̀ tó mọ́.

“Bí ohunkóhun bá ṣòro fún ọ,” ó ní, “ilé mi ò jìnnà.”

Mo ní mo dúpẹ́, Mà, kò sí ohun tó ṣòro.


Túsìdeè, 27

Dewain ọkọ mi nìkan ló mọ̀. Ó ti ibi tó ti lọ tún ẹ̀rọ omi ṣe nínú oko koríko màlúù dé, ó jókòó ti oúnjẹ.

“Lọ sọ fún wọn.”

“Màá sọ.”

“Bẹ́ẹ̀ lo ṣe wí ní oṣù Kejì.”

“Ṣé o rò pé ó rọrùn ni?”

“Èmi ò ní ó rọrùn. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, Arlys, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a.”

Mo ní èmi ò bèèrè ogún ọdún, ọ̀sẹ̀ méje péré ni mo ń wá. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n fún òun ní búrẹ́dì sí i.

Àgbá gáàsì kékeré ti di dọ́là méje. Mo ra mẹ́fà fún ìrìn-àjò tí kò níbi tó ń lọ.


Sátidé, 7 oṣù Kẹfà

Ọjọ́ tí mo bẹ̀rù jù. Coralee wà wá lọ sí Àfonífojì Harker láti lọ wo ilẹ̀, èmi àti Màmá Thelda. Odò kún, ó ń hó bí ìkòkò. Yìnyín ṣì wà lábẹ́ àwọn igi páìnì níbi tí òòrùn kì í dé.

Lyman, bàbá tó ń tọ́jú ibùdó, ti gbé ilé onítáyà rẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀, òun àti ajá rẹ̀. Pátákó ìwé wà lọ́wọ́ rẹ̀, orúkọ gbogbo ẹni tó gba àyè wà níbẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ wọn.

“Ọjọ́ wo lẹ ń bọ̀?”

“Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù Keje,” Coralee sọ kí n tó lè fi ẹsẹ̀ tẹ tiẹ̀.

“Ẹ jẹ́ kí n wò ó.” Ó ń ṣí ìwé. Ojú ewé kan. Ìkejì.

“Gbé ìwé yẹn sílẹ̀, Lyman,” Màmá Thelda ní. “Ajá rẹ ń jẹ bàtà mi.”

“Ajá mi kì í jẹ bàtà, Thelda.”

“Òun ni kó o sọ ọ́ fún. Kí lo fẹ́ wò nínú ìwé? Ṣé o ò mọ̀ mí ni?”

Bàbá náà rẹ́rìn-ín, ó ti pátákó bọ abíyá, ó ní ta ni kò mọ̀ ọ́n. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run nítorí ajá.

Màmá Thelda fi ọ̀pá sílẹ̀ nínú ọkọ̀, ó rìn lọ sí etí odò láìkọsẹ̀. Ó ń nàka sí ilẹ̀ tí kò rí. “Ibí ni Coralee ti sunkún ilé nígbà tó wà lọ́mọ ọdún méjìlá.”

“Màmá! Ẹ̀fọn ló jẹ mí!”

“Ẹ̀fọn tó ń pe ìyá rẹ.”

Ó gbójú sókè síbi tí òkè méjèèjì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ara wọn. Ó ní, “Arlys, mo kàn fẹ́ tún gbọ́ bí àwọn ọmọ ṣe ń pariwo níbí ni. Lẹ́yìn ìyẹn, kò sí wàhálà mọ́.”




Tọ́sìdeè, 12

Mo pe ibùdó mọ́kànlá. Gbogbo wọn ti kún. Obìnrin kan ní ọ́fíìsì àwọn aṣọ́gbó fi sùúrù bá mi sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀. “Ẹ ṣáà máa yẹ̀ ẹ́ wò lójoojúmọ́, Mà. Àwọn èèyàn máa ń yí ọkàn padà.”

Mo bi í pé ta ló gba ti etí odò. Ó ní òfin ò gba òun láyè láti sọ.

Ta ni wọ́n? Mo ti ń rí wọn lójú àlá. Bàbá kan tó sanra, àwọn ọmọ rẹ̀, ọkọ̀ ojú omi onírọ́bà. Mo gbàdúrà kí ẹsẹ̀ rẹ̀ yẹ̀ díẹ̀. Díẹ̀ péré. Mo ti di ẹni tó ń gbàdúrà irú èyí.


Fúráìdeè, 20

Òjò ò rọ̀ láti ọjọ́ kẹta oṣù yìí. Wọ́n ti yí ọfà ara pátákó ìkìlọ̀ iná tó wà lẹ́nu igbó sí pupa. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ dáná igi. Brynn ní ìpàgọ́ láìdáná, kí ló yàtọ̀ sí kéèyàn sọnù? Mo ní kó lọ bá Coralee, ó lọ, àwọn méjèèjì fi mí ṣe ẹlẹ́yà.


Túsìdeè, 24

Ó ṣẹlẹ̀! Ní aago mọ́kànlá, àyè kan yọ ní ibùdó òkè ọ̀hún, wákàtí kan sí Harker. Ó gba ogún èèyàn. Ọjọ́ náà gan-an. Mo sáré wá awò ojú mi kí n lè rí nọ́ńbà káàdì. Orí mi ló wà. Ìgbà tí mo fi mọ̀, tí mo fi tẹ̀ ẹ́ tán, wọ́n ní ẹlòmíràn ti gbà á.

Mo jókòó sílẹ̀ nínú ilé ìdáná. N kò sunkún. Ńṣe ni mo ń wo ìsàlẹ̀ tábìlì. Ìdọ̀tí wà níbẹ̀.


Túsìdeè, 1 oṣù Keje

Ọ̀sẹ̀ méjì. Mo pinnu pé màá sọ fún Bíṣọ́ọ̀bù lónìí. Ìjọ wa kì í sanwó fún Bíṣọ́ọ̀bù, iṣẹ́ páìpù omi ló ń ṣe lọ́jọ́ iṣẹ́, nítorí náà mo lọ bá a nílé ẹni tó pè é. Abẹ́ síńkì ló wà, ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ni mo ń bá sọ̀rọ̀.

“Ta nìyẹn?”

“Arlys ni, Bíṣọ́ọ̀bù. Ọ̀rọ̀ kan wà nípa ìpàgọ́.”

“Á à, Arábìnrin Arlys! Ẹ bá mi na irin pupa yẹn. Rárá, èyí tó gùn. Ẹ ṣeun. Ẹ mọ̀, nínú gbogbo ohun tó wà lọ́rùn mi nínú ìjọ yìí, ọkọ tó fẹ́ kọ aya rẹ̀, àjà ilé ìjọsìn tó ń jò, tiyín nìkan ni n kì í rò tí mo bá fẹ́ sùn. Kí ni ọ̀rọ̀ náà?”

Omi ń kán sí garawa. Mo ka ìkán mẹ́jọ.

“Mo fẹ́ mọ̀ bóyá kí á ra sọ́séèjì tàbí ẹran lílọ̀.”

“Ẹ ra méjèèjì!” ni ẹsẹ̀ rẹ̀ wí.

Mo délé, Dewain wo ojú mi, ó padà sídìí oúnjẹ rẹ̀.


Sọ́ńdè, 6

Sọ́ńdè ààwẹ̀. Àwọn èèyàn ń dìde lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń jẹ́rìí. Mo ní màá dìde. N kò dìde. Mo gbàdúrà lórí ìjókòó pé, Olúwa, ṣe nǹkan kan. Ohunkóhun tí o bá rí.

Mo kọ ọ́ bí mo ṣe gbà á.


Túsìdeè, 8

Ní ọ̀sán, mànàmáná láìsí òjò. Ó kọ yànrànyànràn lórí òkè fún wákàtí kan. Ekuru nìkan ló bọ́ sílẹ̀.


Wẹ́sìdeè, 9

Èéfín ní ìhà ìlà-oòrùn. Mo ń fọ aṣọ, mo rí i, ó dúró gbọnrangandan bí òpó. Dewain ti ojú ọ̀nà pè: Harker ni. Ìsàlẹ̀ àfonífojì ló ti bẹ̀rẹ̀, afẹ́fẹ́ sì ń gbé e gòkè bí inú ihò èéfín ààrò.

Wọ́n ti kó gbogbo ẹni tó wà nínú ibùdó jáde. Lyman fi ilé onítáyà rẹ̀ sílẹ̀, ó gbé ajá rẹ̀ sáré.


Tọ́sìdeè, 10

Wọ́n ti gbogbo igbó ìjọba pa. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ wọ̀ ọ́.

Fóònù ò dákẹ́. Coralee sunkún, ó ní, “Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe wàhálà tó báyìí.” Bíṣọ́ọ̀bù ní, “Kì í ṣe ẹ̀bi yín rárá, kí ẹ má dá ara yín lẹ́bi.” Ìyá Brynn gbé àkàrà òyìnbó wá, tó ti yọ́ díẹ̀ nínú ooru. Ó ní kí n jẹ ẹ́, mo ti rù.

Kò sẹ́ni tó máa mọ̀ láé. Ara mi fúyẹ́. Mo gbọ́dọ̀ kọ ọ́ síbí: ilé igi mẹ́ta ti jóná, àwọn ọmọ panápaná ń sùn lórí ilẹ̀, ara mi sì fúyẹ́. Mo jẹ àkàrà náà, ègé méjì.


Fúráìdeè, 11

Ọmọ ẹ̀gbọ́n Màmá Thelda gbé e wá, ó sì dúró nínú ọkọ̀. Màmá wọlé, ó wá àga fúnra rẹ̀, ó na ìwé kan sí mi.

“Ka èyí fún mi. Ojú mi ò gbé e.”

Mo kà á sókè. Orúkọ rẹ̀ ló wà lókè rẹ̀. Ibùdó etí odò, Àfonífojì Harker, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún sí ọjọ́ kejìdínlógún oṣù Keje. A ti fagi lé àyè tí ẹ gbà nítorí iná. Ẹ má bínú.

“Parí rẹ̀.”

“Ó ti parí, Mà.”

Ó gba ìwé náà padà, ó ká a ní ìlọ́po mẹ́rin.

“Láti ìgbà wo, Mà?”

“Láti aago mẹ́jọ òwúrọ̀ ọjọ́ tí wọ́n ṣí i. Ọgbọ̀n ọdún, Arlys! Ọwọ́ mi ló pè wọ́n, kì í ṣe èmi. Ìgbà tí wọ́n fi ní ó ti di tèmi ni mo rántí pé kì í ṣe iṣẹ́ mi mọ́. Mo wá ní kò burú. Arlys máa pè, wọ́n á ní ó ti lọ, á sáré wá bá mi, màá ní gbà, òun nìyí. Mo tiẹ̀ yan bísíkíìtì sílẹ̀ dè ọ́.” Ó mí kanlẹ̀. “Alẹ́ ọjọ́ yẹn lo wá ní ọwọ́ rẹ ti tẹ̀ ẹ́.”

Mo wo ìwé tó ká náà.

“Kí ló dé tí ẹ ò sọ̀rọ̀?”

“Kí ló dé tí o ò bèèrè?”

Èéfín ti bo òòrùn, ìmọ́lẹ̀ pupa kan ń gba ojú fèrèsé wọlé, ó wà lára ọwọ́ rẹ̀.

“Bí n kò bá bèèrè títí ọjọ́ fi pé ńkọ́, Mà?”

“Ǹ bá ti gbé e fún ọ lẹ́nu ọ̀nà, níwájú Lyman, kí ojú lè tì ọ́ dáadáa.” Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà ò dé. “Bóyá. Mi ò mọ̀. Mo fẹ́ kí ẹnì kan nínú ìjọ yẹn tún bi mí ní nǹkan kan ni, Arlys. Ẹ̀ẹ̀kan péré.”

Oṣù mẹ́fà ni mo fi ń kan ilẹ̀kùn gbogbo ayé, ilé kan ṣoṣo tí mo fò dá ni kọ́kọ́rọ́ wà.

Ó dìde. Mo mú un ní ìgúnpá dé ọkọ̀. Kò jẹ́ kí n mú un, lẹ́yìn náà ó jẹ́ kí n mú un.


Sọ́ńdè, 13

Mo dìde. Níwájú gbogbo ìjọ.

Mo sọ ti pòtétò, mo sọ ti irọ́, mo sọ ti àdúrà tí mo gbà. N kò dárúkọ Màmá Thelda. Ìyẹn kì í ṣe tèmi láti sọ. Mo ń gbọ́ ọmọ ọwọ́ kan tó ń mu ìka.

Brynn ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ó rò pé òun sọ ọ́ jẹ́jẹ́: “Ká ní iná ò jó ni, ojú títì là bá sùn sí!”

Coralee wúkọ́. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé ẹ̀rín ni. Ìyá Brynn kò wo ojú mi nígbà tí a ń jáde.

Màmá Thelda wà ní ìlà kejì, ó ṣí ìwé orin tí kò lè kà sórí ẹsẹ̀, kò gbójú sókè. Kò dìde. Mo ti rò pé á dìde. N kò mọ ìdí tí mo fi rò bẹ́ẹ̀.

Mo bẹ Bíṣọ́ọ̀bù kó gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ mi. Ó fọwọ́ ra irun rẹ̀. “Arábìnrin Arlys, ẹni tó ti jẹ́wọ́ báyìí, ṣé á tún gbàgbé lọ́dún tó ń bọ̀?” Ó ní kí n máa bá a lọ. N kò mọ̀ bóyá àánú ni tàbí ìyà.

Ìpàgọ́ kankan ò ní sí lọ́dún yìí. Kò síbi tí èéfín ò sí.


Sátidé, 9 oṣù Kẹjọ

Wọ́n ti ṣí ọ̀nà dé ibi igi ìdábùú tí wọ́n fi dí i. Ní òwúrọ̀ ni Màmá Thelda pè mí, òun fúnra rẹ̀. “Ṣé o lè gbé mi lọ wò ó?” Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ láàárín wa láti ọ̀sẹ̀ mẹ́rin nìyẹn.

Aṣọ́gbó kan, ọmọdébìnrin tí imú rẹ̀ bó nínú òòrùn, ní ẹ̀yìn igi ìdábùú ni ká dúró sí. A dúró. Ilẹ̀ ṣì ń gbóoru lábẹ́ bàtà. Ìsàlẹ̀ dákẹ́, àfi odò.

“Omi ṣì ń lọ,” Màmá Thelda ní. “Mo gbọ́ ọ. Kí lo rí?”

Mo wò ó. Irọ́ kan ti wà lórí ahọ́n mi, pé ewé tútù díẹ̀ ṣì wà létí omi, pé apá òsì yè. Ta ló máa dá a mọ̀? Inú rẹ̀ á dùn délé. Ẹni ọgọ́rin ọdún ni lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, igi páìnì kò sì ní ga níbẹ̀ mọ́ kí ó tó kú.

“Dúdú ni, Mà.”

“Títí dé òkè?”

“Títí dé òkè.”

“Wò ó dáadáa.”

“Mo ti wò ó dáadáa, Mà. Kò sí èyí tó ṣẹ́ kù.”

Ọwọ́ rẹ̀ wá apá mi, ó dì í mú, ó dùn mí.

“Ó dára,” ó ní. “Má yára. Sọ ọ́ fún mi, gbogbo rẹ̀.”

Mo bẹ̀rẹ̀ láti apá ọ̀tún, mo ń ka igi jíjóná kọ̀ọ̀kan fún un bó ṣe rí, èyí tó dúró àti èyí tó ṣubú, ó ń mi orí, mò ń kà á lọ.